Ẹ Bi Ìyá Wolé-Wolé: Ẹ̀fọn etí dáàmù àti eku inú pálọ̀

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Lẹ́tà tó tẹ̀ mí lọ́wọ́ lóṣù yìí kò kéré, ṣùgbọ́n mẹ́rin nínú wọn ló dá lórí omi tí ìjọba sé, ohun tí gbogbo wa ń pè ní dáàmù. Mo ní kí n kúkú kó wọn pọ̀. Ẹni tó kọ̀wé nípa ṣálángá tí aládùúgbò rẹ̀ gbẹ́ ti kànga, kó fọwọ́ wọ́nú, tirẹ̀ ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀.

*Ẹ kú uṣẹ́ o, Màmá wa. Ìkún-Èkìtì ni mo wà, ilé wa kò jìnnà sí dáàmù Ero. Nígbà òjò, a mọ̀ pé ẹ̀fọn yóò wà. Èyí tó yà mí lẹ́nu ni pé nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, tí ilẹ̀ gbẹ táútáú, tó yẹ kí a sinmi, ìgbà yẹn gan-an ni tiwa ń pọ̀ sí i. Láàárín oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì, ẹ̀ẹ̀mejì ni ibà dá ọmọ mi kékeré dùbúlẹ̀. Àbúrò mi tó wà ní Adó ní kí a kọ̀wé sí ìjọba kí wọ́n tú omi náà dànù. Ṣé dáàmù ló ń bí ẹ̀fọn fún wa ni? — Ìyá Ìbejì, Ìkún-Èkìtì*

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ bá mi sọ fún àbúrò yín pé kó má kọ ìwé kankan. Kò mọ ibi tí a ti ń bọ̀ ni. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, bàbá kan ń bẹ ládùúgbò wa tí kò lè débi oko fún bí oṣù mẹ́ta, nítorí sòbìà tó ń yọ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tí wọ́n ń fi igi ṣáṣá ká a bí òwú. Omi adágún tí gbogbo wa jọ ń pọn ló ti mu ún. Omi tó mọ́ wà lára ohun tó lé sòbìà lọ, títí àjọ WHO fi kéde ní 2013 pé ó ti tán ní Nàìjíríà. Ẹni tó bá ti rí sòbìà rí kì í sọ pé kí wọ́n tú omi ẹ̀rọ dànù.

Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ fi ojú yín rí, òótọ́ ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí èmi náà ṣe rí i.

Nígbà tí mo ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀gá wa rán èmi àti ọ̀dọ́mọkùnrin kan lọ sétí dáàmù kan nínú oṣù Kìíní, ọyẹ́ ń fẹ́ yẹ́ẹ́. Ife tánganran funfun méjì la mú dání, nítorí tanwíjí kì í rí ibi sá pamọ́ sí nínú ohun funfun. A kọ́kọ́ lọ síbi tí omi ti jìn, tí ìgbì rẹ̀ ń lu àpáta. Ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá la bu omi níbẹ̀, kò sí tanwíjí kan ṣoṣo. Ọmọkùnrin náà ti ń rẹ́rìn-ín pé ṣebí òun sọ fún mi, pé ìrìn òfo la rìn. Mo ní kó ṣe sùúrù. A padà sẹ́yìn bí ogún ìṣísẹ̀, síbi tí omi ti fà kúrò, tí àwọn màlúù tó wá mumi ti tẹ ẹrẹ̀ ibẹ̀ mọ́lẹ̀. Ojú pátákò kọ̀ọ̀kan gba omi díẹ̀, oòrùn sì ń tàn sínú rẹ̀. Ife kan péré ni mo bù. Mo ka tanwíjí mẹ́tàdínlógún nínú rẹ̀, gbogbo wọn sùn gbalaja lábẹ́ ojú omi bí igi ìṣáná. Ọ̀rẹ́ mi ò rẹ́rìn-ín mọ́.

Ẹ fi èyí sọ́kàn, ó wúlò: tanwíjí tó bá sùn gbalaja báyẹn, ọmọ Anopheles ni, ẹ̀fọn tó ń gbé ibà kiri. Èyí tó bá dorí kodò, tó fi ìdí kan ojú omi, ọmọ Culex ni, ẹ̀fọn kòtò ìdọ̀tí, tí ariwo rẹ̀ kì í jẹ́ ká sùn ṣùgbọ́n tí kì í gbé ibà.

Nítorí náà, kì í ṣe omi ńlá ló ń bí ẹ̀fọn fún yín. Àárín dáàmù jìn, ìgbì ń da ojú rẹ̀ rú, ẹja epìyà sì ń ṣa tanwíjí jẹ bí ẹní ń jẹ ẹ̀pà. Omi kékeré tí omi ńlá fi sílẹ̀ lọ ló ń bí i. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ̀rọ ń fa omi fún wa mu, oòrùn náà ń fà tirẹ̀, òjò ò sì rọ̀ láti dá a padà. Etí omi á máa sún sẹ́yìn. Níbi tí ilẹ̀ ti dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ohun tó máa ń fi sílẹ̀ kò ju òkúta lọ. Níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́ pẹrẹsẹ, ẹrẹ̀ fífẹ̀ ló ń fi sílẹ̀, pẹ̀lú omi adágún kéékèèké káàkiri. Láti ẹyin dé ẹ̀fọn tó lè fò kì í ju ọ̀sẹ̀ kan sí méjì lọ. Omi ojú pátákò lè má gbẹ tán kí wọ́n tó fò lọ.

Oríṣi Anopheles méjì ló sì ń jẹ àǹfààní yìí. Anopheles gambiae fẹ́ràn omi kékeré tí oòrùn ń pa, irú èyí tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ. Anopheles funestus ní tirẹ̀ fẹ́ omi tí kì í gbẹ, tí koríko hù sí létí. Ọ̀kan fẹ́ omi tó fẹ́ gbẹ, èkejì fẹ́ omi tí kì í gbẹ, dáàmù sì gba àwọn méjèèjì lálejò. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀fọn yín kò fi bá ti àwọn ará ìlú tí kò ní dáàmù dínkù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ibà ti wà ní Èkìtì látọdún gbọọrọ, dáàmù kọ́ ló mú un wá. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń gba ìsinmi ẹ̀ẹ̀rùn lọ́wọ́ wa.

Kì í ṣe Ìkún nìkan lọ̀rọ̀ yìí kàn. Ní 2015, àwọn onímọ̀ kan yẹ dáàmù ńlá 1,268 wò ní ìhà gúúsù aṣálẹ̀ Sahara, wọ́n sì ṣírò rẹ̀ pé ibà tí dáàmù ń fà níbẹ̀ lọ́dọọdún kò dín ní mílíọ̀nù 1.1. Àwọn tí ilé wọn kò ju kìlómítà márùn-ún sí etí omi ni wọ́n wò jù. Anopheles fúnra rẹ̀ kì í sábà fò ju bíi kìlómítà méjì lọ, nítorí náà ẹni tó ń gbé nítòsí omi ló ń fara gbá jù.

Àwọn kan ti rí ọgbọ́n dá sí i. Ní Amẹ́ríkà, nígbà tí wọ́n dá àjọ Tennessee Valley Authority sílẹ̀ ní 1933 tí wọ́n ń sé odò Tennessee, bíi mẹ́ta nínú ènìyàn mẹ́wàá lágbègbè yẹn ni ibà ń bá jà. Àwọn tó ń ṣọ́ dáàmù wá ń sọ omi kalẹ̀ díẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, bí ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan, wọ́n á tún jẹ́ kó gòkè padà. Tanwíjí tó wà nínú koríko etí omi á bá ara rẹ̀ lórí ilẹ̀ gbígbẹ, oòrùn á sì parí iṣẹ́. Bí omi bá ń lọ díẹ̀díẹ̀, tanwíjí á bá a lọ. Bó bá lọ lójijì, á fi í sílẹ̀. Ọgbọ́n náà dára, ṣùgbọ́n èmi ò ní dábàá rẹ̀ fún tiwa nínú oṣù Kejì, nígbà tí omi tí a máa mu kò tó. Ẹ̀rọ iná mànàmáná ni wọ́n fi omi tiwọn yí. Ọ̀fun la fi tiwa rẹ.

Ẹ̀bá omi ló wà níkàáwọ́ yín. Àwọn tó ń dá àkùrọ̀ létí dáàmù, ẹ bá wọn sọ ọ́ ní ìpàdé àdúgbò pé kí wọ́n lànà fún omi inú poro kó lè ṣàn padà, kó má dúró sáàárín ebè. Kòtò tí àwọn tó ń wa yanrìn fi sílẹ̀, ẹ dí i. Ibi tí màlúù ti ń mumi, ẹ bá àwọn darandaran sọ̀rọ̀ kí wọ́n máa gba ojú kan ṣoṣo, kí ẹ kó òkúta wẹ́wẹ́ síbẹ̀. Ojú oró tó bá bo etí omi, ẹ yọ ọ́. A máa ń sọ pé ojú oró ní í lékè omi, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ̀fọn kan wà tó ń jẹ́ Mansonia, tí tanwíjí rẹ̀ ń gún gbòǹgbò ojú oró láti inú omi, tó ń tibẹ̀ mí. Ẹ ò ní rí i lójú omi láéláé.

Ẹ sun ọmọ sínú nẹ́ẹ̀tì tí wọ́n rẹ lóògùn. Létí omi kan náà tí mo sọ yẹn, mo rí nẹ́ẹ̀tì ìjọba tí wọ́n so mọ́ igi méjì, wọ́n fi ń pẹja wẹ́wẹ́. Mo wò ó, mo wo ẹni tó ń fà á, mi ò sọ nǹkan kan. Ó dùn mí títí dòní pé mi ò sọ nǹkan kan.

*Ẹ ǹlẹ́ o, ìyá wa. Àgbẹ̀ ni mí ní Ìtàpájì-Èkìtì, mo ń gbin ìrẹsì àti àgbàdo sí àkùrọ̀ lápá ìsàlẹ̀ dáàmù. Lọ́dún méjì sẹ́yìn, eku ti sọ mí di ẹrú. Wọ́n ń jẹ ẹ́ lóko, wọ́n tún ń tẹ̀ lé e wálé. Ọmọ mi obìnrin tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Ọ̀wọ̀ ní kí n má fọwọ́ kan eku mọ́, kí n má sì jẹ ẹ́, nítorí ibà Lásà. Ṣé dáàmù ló kó eku wá? Ṣé gbogbo eku náà ni? Mo ti jẹ eku fún ọgọ́ta ọdún. — Bàbá Àgbẹ̀, Ìtàpájì*

Ẹ kú oko o, Bàbá. Ẹ gbọ́ ti nọ́ọ̀sì yín. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní Ọ̀wọ̀ mọ ohun tó ń sọ, nítorí ìpínlẹ̀ Oǹdó tó múlé tì wá wà lára ibi tí Lásà ti ń ṣọṣẹ́ jù ní Nàìjíríà, wọ́n sì ń tọ́jú rẹ̀ ní ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ níbẹ̀.

Ti dáàmù kọ́kọ́. Nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ sé odò, tí omi ń gòkè wọ inú igbó, gbogbo ohun tó ní ihò nílẹ̀ á sá gòkè: eku, òkété, ejò tó ń lé wọn. Ibi tí wọ́n ń sá sí ni ilé ènìyàn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọdún tí wọ́n sé e nìyẹn, kì í ṣe ti lọ́dún méjì sẹ́yìn. Ohun tó ń ṣe yín báyìí, oúnjẹ ni. Lóko tí kò sí dáàmù, tí òjò bá ti dáwọ́ dúró, koríko á gbẹ, hóró á tán, eku á dín ọmọ bíbí kù. Ní àkùrọ̀ yín, ewé tútù wà nínú oṣù Kejì, ìrẹsì ń yọrí, àgbàdo ń gbó. Eku kò mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀rùn ti dé. Ọkọ̀ọ̀kan wọn ń bímọ lọ ràì.

Eku Lásà, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Mastomys natalensis, sì mọ ọmọ í bí. Oyún rẹ̀ kò ju bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ. Abo rẹ̀ lè ní ọmú mẹ́rìnlélógún. Ẹ fojú inú wò ó, Bàbá: ẹranko tí kò tó ìka ọwọ́ yín méjì ní ìbú, ọmú mẹ́rìnlélógún!

Kì í ṣe gbogbo eku ló ń gbé Lásà, ẹ ṣeun tí ẹ béèrè. Òkété yàtọ̀, asín yàtọ̀, ẹmọ́ yàtọ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí à ń sọ yìí jọ àwọn eku ilé mìíràn débi pé àwọn onímọ̀ pàápàá máa ń gbé e lọ yẹ̀ wò kí wọ́n tó dá a mọ̀. Èmi tí mo ṣiṣẹ́ yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí ẹ bá gbé eku méjì síwájú mi nínú òkùnkùn àká, mi ò ní búra. Nítorí náà, kí ẹ fi gbogbo wọn sí ẹgbẹ́ kan náà ló dára.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé jíjẹ ẹran rẹ̀ nìkan ni ewu. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìtọ̀ rẹ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ ni kòkòrò Lásà pọ̀ sí jù. Eku tí ẹ kò rí lè tọ̀ sí gàárì tí ẹ fẹ́ẹ́ rẹ mu. Ẹni tó bá gbálẹ̀ ibi tí ìgbẹ́ eku gbígbẹ wà lè fà á símú. Bí ẹ bá sì pa á, tí ẹ fọwọ́ lásán ṣe é, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á kàn yín. Láti 1969 tí wọ́n ti kọ́kọ́ dá àrùn náà mọ̀, nígbà tí ó mú nọ́ọ̀sì kan tó ń ṣiṣẹ́ ìjọ Ọlọ́run ní ìlú Lassa ní Bọ̀rnó, wọ́n ti rí i pé láti ara ènìyàn sí ènìyàn náà ó ń ràn, nípa ẹ̀jẹ̀, èébì àti omi ara.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ kan. Ní ọdún kan, mo kọ ìwé ìkìlọ̀ kan fún àwọn ará abúlé pé kí wọ́n má kó ìrẹsì sínú pálọ̀, kí wọ́n má sì sá láfún sí etí títì. Mo tẹ̀ ẹ́ tán, mo wọ ilé ìdáná láti wá gàárì, mo sì rí ìgbẹ́ eku mẹ́ta gbàngbà lórí ìdérí garawa gàárì mi. Mo jókòó. Mo ti ń kó iṣu sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì láti oṣù Kọkànlá. Ọjọ́ náà ni mo kó gbogbo rẹ̀ lọ sínú àká.

Àká yín, Bàbá, ẹ gbé e sórí òpó tó ga tó ìbàdí yín, kí ẹ fi páànù kéékèèké yí òpó náà po bí ẹni fi fìlà dé e, tí eku kò fi ní lè gùn ún. Ìrẹsì, ẹ rọ ọ́ sínú dúrọ́ọ̀mù tó ní ìdérí. Láfún, ẹ sá a sórí tẹ́ńté, kí ẹ kó o wọlé kí oòrùn tó wọ̀. Ogiri tó bá lanu, ẹ dí i pẹ̀lú sìmẹ́ńtì, ẹ má fi aṣọ dí i. Òògùn eku tí wọ́n ń tà lọ́jà kò wù mí: eku á lọ kú sínú àjà, ọmọdé á sì fọwọ́ kàn án. Pàkúté ni kí ẹ lò. Bí eku bá kú sínú rẹ̀, ẹ fi láílọ́ọ̀nù bo ọwọ́, ẹ sin ín jìn, kí ẹ fi ọṣẹ fọwọ́. Ibi tó ti kú, ẹ kọ́kọ́ da omi tí ẹ ti po jíìkì mọ́ sí i kí ẹ tó gbá a.

Ohun tó ń dà mí láàmú jù wà níhìn-ín, ó sì kan Ìyá Ìbejì náà. Láti oṣù Kọkànlá sí oṣù Kẹrin ni Lásà ń pọ̀ jù. Ìgbà náà gan-an sì ni ẹ̀fọn etí dáàmù kì í dínkù. Ibà méjèèjì fojú jọra ní ọjọ́ àkọ́kọ́: ara gbígbóná, orí fífọ́, kó rẹni tẹnutẹnu. Ẹni tó ń gbé nítòsí omi ti mọ́ra láti ra òògùn ibà ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì, á lò ó, á máa retí. Bí ó bá jẹ́ Lásà, ọjọ́ tó ń gbà láti retí ló ń ṣe é níjàǹbá, nítorí ìtọ́jú rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ dáadáa jù bí wọ́n bá tètè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ọ̀nà ọ̀fun dídùn, èébì, àyà dídùn, ojú wíwú, ẹ̀jẹ̀ láti inú èrìgì: bí èyíkéyìí bá fi kún ibà tí kò lọ lẹ́yìn ọjọ́ méjì tí a ti lo òògùn ibà, ẹ má dúró. Ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, kí ẹ sì sọ fún dókítà pé eku wà nílé. Wọn kì í béèrè, ẹ̀yin ni kí ẹ sọ ọ́.

Ti ọgọ́ta ọdún tí ẹ fi jẹ eku, ẹ ṣe é, Bàbá. Ẹ jẹ́ ká fi adìẹ rọ́pò ìyókù.

*Mà, nítòsí dáàmù Ureje ní Adó ni mo ń gbé. Ẹ̀fọn tó ń jẹ wa, ọ̀sán gangan ló ń jẹni, ó dúdú, ó ní ìlà funfun lẹ́sẹ̀. Àwọn ará ilé wa ní láti inú dáàmù ló ti ń wá. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? — Ọmọ Adó*

Rárá o, ọmọ mi. Láti inú dúrọ́ọ̀mù yín ló ti ń wá. Aedes aegypti nìyẹn, kì í fò jìnnà, ilé tí wọ́n ti bí i ni ó sábà ń jẹ. Òun ló ń gbé ibà pọ́njú kiri. Kì í yé ẹyin sínú odò. Ara ògiri ìkòkò, dúrọ́ọ̀mù, táyà àtijọ́ àti agolo ló ń yé e mọ́, ẹyin náà sì lè wà ní gbígbẹ fún oṣù púpọ̀, kó máa retí omi. Bí ẹ bá da omi dúrọ́ọ̀mù nù, tí ẹ kò fi kànìnkànìn bó inú rẹ̀, ẹyin ṣì wà níbẹ̀.

Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé nítorí pé omi ẹ̀rọ kì í yọ lójoojúmọ́ ni dúrọ́ọ̀mù fi pọ̀ ní Adó. Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, àwọn ìyá wa máa ń gbé àmù sá pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn bí wọ́n bá rí àwa wolé-wolé lókèèrè, nítorí owó ìtanràn. Ẹ dé dúrọ́ọ̀mù, ẹ bó o lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ sì gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú bí ẹ kò bá tíì gbà á. Ẹ̀ẹ̀kan péré láyé ni.

*Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́wàá, ń tọ̀ ẹ̀jẹ̀. Ó fẹ́ràn láti máa wẹ̀ nínú dáàmù. Ṣé ẹ̀fọn ni àbí ìtọ̀ eku? — Ìyá tí kò lè sùn*

Kò sí èyí tó jẹ́ nínú méjèèjì. Ó jọ àtọ̀sí ajá, tí ajá kò sì mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Kòkòrò kan ló ń ti ara ìṣáwùrú inú omi jáde, tó ń gba awọ ara ọmọ wọlé nígbà tó ń wẹ̀. Dáàmù Ọyán ní ìpínlẹ̀ Ògùn lókìkí fún un. Ìwẹ̀ náà gbọ́dọ̀ dúró, òun náà kò sì gbọdọ̀ tọ̀ sínú omi mọ́, nítorí ìtọ̀ ẹni tó ní in ló ń dá ẹyin kòkòrò padà fún ìṣáwùrú. Ẹ mú ìtọ̀ rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò, àgàgà èyí tó bá tọ̀ láàárín agogo mẹ́wàá àárọ̀ sí méjì ọ̀sán, ìgbà yẹn ni ẹyin pọ̀ jù nínú rẹ̀. Praziquantel ni òògùn rẹ̀. Wọ́n á wo bó ṣe wúwo tàbí bó ṣe ga láti mọ iye hóró tí yóò lò. Ẹ jẹ́ kó jẹun yó kó tó lò ó, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á bì í.